«Orí Yọ Mí» Kò Tó: Ọwọ́ Ẹni Tó Ni Ilé Iṣẹ́ Ni Ààbò Òṣìṣẹ́ Wà

Bí bẹ́líìtì ẹ̀rọ bá já lójijì, tó fò kọjá létí òṣìṣẹ́, tí kò sì bà á, ohun tí gbogbo ará ilé iṣẹ́ yóò sọ ni pé orí ló yọ ọ́. Àwọn tó wà nítòsí á kí i kú ewu. Ó lè ṣe ìdúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Àìkú, ó sì lè ṣe sàráà lọ́jọ́ Jímọ̀. Wọ́n á ra bẹ́líìtì mìíràn, ẹ̀rọ á tún bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Kò sẹ́ni tí yóò béèrè ohun tó mú kí ti àkọ́kọ́ já, ìgbà tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò gbẹ̀yìn, tàbí ibi tí irin tó yẹ kó bò ó wọlẹ̀ sí. Bí òmíràn bá já lẹ́yìn oṣù mélòó kan, tó wá fọ́ ẹnìkan lójú, a ó ní bí kádàrá rẹ̀ ṣe rí nìyẹn.

N kò bá ẹnikẹ́ni jà nítorí ìdúpẹ́. Ẹni tí ewu fò dá yẹ kó dúpẹ́. Ṣùgbọ́n àwọn alágbẹ̀dẹ tó ń bọ Ògún láyé àtijọ́ kì í tìtorí pé wọ́n ti bọ Ògún kí wọ́n wá fi ọwọ́ lásán mú irin gbígbóná. Ẹ̀mú wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹwìrì nígbà gbogbo. Nínú ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ wa lónìí, láti Ìkẹjà dé Ọ̀tà, láti Agbára títí dé Olúyọ̀lé n'Íbàdàn, ìdúpẹ́ ti gba ipò àyẹ̀wò. Ewu ń kìlọ̀, ìkìlọ̀ náà kì í sì í dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ní agbára àtiṣe nǹkan sí i. Bó bá tiẹ̀ dé ibẹ̀, ẹni tó gbé e lọ ló máa ń fi ara gbá a.

Ẹni tó bá ti ṣiṣẹ́ ní fákítìrì rí mọ bó ṣe ń lọ. Òṣìṣẹ́ á ní, «Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀rọ yìí ń gbóná ju ti tẹ́lẹ̀ lọ o.» Súpáfáísọ̀ á dáhùn pé, «Ṣé orí tìẹ ni wọ́n ti máa kọ́kọ́ lò ó ni? Ṣebí òun náà ni ẹni tó wà níbẹ̀ kó o tó dé ń lò. Bó ò bá lè ṣe é, àwọn tó ń wáṣẹ́ ń bẹ lẹ́nu géètì.» Láti ọjọ́ náà lọ, òṣìṣẹ́ yẹn kò ní sọ nǹkan kan mọ́. Bó bá sì jẹ́ kásúà ni, tó ń gba owó ojúmọ́, tí kò ní ìwé ìgbanisíṣẹ́ kankan lọ́wọ́, kò tiẹ̀ ní kọ́kọ́ la ẹnu rárá. Ọ̀gá tó jókòó sínú ọ́fíìsì á máa rò pé gbogbo nǹkan ń lọ geerege, nítorí kò gbọ́ ohunkóhun.

Ohun tí mo fẹ́ sọ nípa ààbò lẹ́nu iṣẹ́ kò ju èyí lọ: ìwà tí ọ̀gá bá hù nígbà tí ìròyìn burúkú dé bá a ni gbogbo ilé iṣẹ́ yóò fi ṣe àṣà. Ibọ̀wọ́, bùútù àti hẹ́límẹ́ẹ̀tì dára, wọ́n sì pọn dandan, àmọ́ ọjà ni wọ́n, owó ni a fi ń rà wọ́n. Ìgboyà òṣìṣẹ́ láti sọ òótọ́ kò sí lọ́jà.

Ní ọdún 1987, wọ́n fi Paul O'Neill ṣe ọ̀gá àgbà Alcoa, ilé iṣẹ́ alumíníọ́ọ̀mù ńlá tó fi Pittsburgh ní Amẹ́ríkà ṣe ibùjókòó. Iṣẹ́ eléwu ni iṣẹ́ wọn: irin yíyọ́ tó ń hó bí omi, àti ẹ̀rọ tó lè já apá èèyàn. Lóṣù Kẹwàá ọdún náà, ó pàdé àwọn olùdókòwò ní òtẹ́ẹ̀lì kan ní New York. Wọ́n ń retí kó sọ̀rọ̀ èrè, owó orí, àti bí yóò ṣe gba ọjà lọ́wọ́ àwọn tí wọ́n jọ ń du ú. Ọ̀rọ̀ ààbò òṣìṣẹ́ ló fi bẹ̀rẹ̀. Ó ní òun fẹ́ kí Alcoa di ilé iṣẹ́ tí ewu ti kéré jù ní gbogbo Amẹ́ríkà, kí iye àwọn tó ń fara pa di òdo. Ó tiẹ̀ tún tọ́ka sí àwọn ilẹ̀kùn tí wọ́n lè gbà jáde bí iná bá ṣẹ́ yọ nínú gbọ̀ngàn tí wọ́n jókòó sí. Charles Duhigg, akọ̀ròyìn tó fi ìtàn yìí sínú ìwé rẹ̀, ròyìn pé ọ̀kan nínú àwọn olùdókòwò náà sáré jáde lọ pe àwọn oníbàárà rẹ̀ pé kí wọ́n ta ìpín wọn kíákíá, nítorí orí ẹni tí wọ́n gbé sípò náà kò pé.

Òfin tí O'Neill ṣe lẹ́yìn náà kéré lójú. Bí òṣìṣẹ́ kan bá fara pa níbikíbi, olórí ẹ̀ka náà gbọ́dọ̀ fi tó o létí láàárín wákàtí 24, kó sì sọ ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe kí irú rẹ̀ má baà ṣẹlẹ̀ mọ́. Ẹ ro ó wò. Kí olórí ẹ̀ka tó lè mọ̀ láàárín wákàtí 24, igbákejì rẹ̀ gbọ́dọ̀ ti mọ̀. Kí igbákejì tó mọ̀, fóòmànù gbọ́dọ̀ ti gbọ́. Kí fóòmànù tó gbọ́, òṣìṣẹ́ tó wà nídìí ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ lè lanu sọ̀rọ̀ láìbẹ̀rù pé wọn á lé òun. Òfin kan ṣoṣo náà ló la ọ̀nà láti ìdí ẹ̀rọ títí dé yàrá ọ̀gá àgbà. Ó tún fún àwọn òṣìṣẹ́ ní nọ́ńbà tẹlifóònù ilé rẹ̀, pé bí àwọn máníjà bá kọ etí dídi sí wọn, kí wọ́n pe òun. Wọ́n sì pè é. Ẹ̀dùn ọkàn nípa ewu nìkan kọ́ ni wọ́n bá pè é; àwọn àbá tí wọ́n ti ń gbé sínú fún ọdún gbọọrọ, tí ẹnikẹ́ni kò bi wọ́n rí, bẹ̀rẹ̀ sí í tú jáde. Ẹni tó bá lè sọ fún ọ̀gá pé ẹ̀rọ yìí fẹ́ gé òun lọ́wọ́ ni yóò lè sọ fún un pé bí wọ́n bá tò ó báyìí, iṣẹ́ yóò yá ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Nígbà tó tó nǹkan bí oṣù mẹ́fà tó ti gorí àga, ìròyìn ikú dé láti Arizona. Ẹ̀rọ kan há. Ọ̀dọ́kùnrin kan tí kò tíì pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ fo odi ààbò kọjá, ó lọ yọ ohun tó há a. Bó ṣe yọ ọ́ tán ni apá ẹ̀rọ náà gbéra, ó gbá a lórí, ó sì pa á. Lójú ọ̀pọ̀ ọ̀gá, ẹjọ́ náà ti parí: ta ló ní kó fo odi? O'Neill pe gbogbo àwọn ọ̀gá ilé iṣẹ́ náà jọ, wọ́n sì yẹ bí ikú náà ṣe wáyé wò láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Àwọn tó jẹ́ ọ̀gá ọmọ náà wà níbẹ̀ nígbà tó fo odi, wọn kò sì dá a dúró. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ pé kó wá fóòmànù kó tó dáwọ́ lé ẹ̀rọ tó bá há. Ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀ kò ní ohun tó lè mú un dáwọ́ dúró bí èèyàn bá wọ àyè rẹ̀. O'Neill sọ fún wọn pé òun pẹ̀lú wọn ló jọ pa ọmọ náà, àti pé òun gẹ́gẹ́ bí olórí lòun kọ́kọ́ kùnà.

Mélòó nínú àwọn tó ni ilé iṣẹ́ lọ́dọ̀ wa ló lè sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lójú gbogbo èèyàn? Èyí tí a mọ̀ ni pé wọ́n á gbé àpò ìrẹsì àti owó ìsìnkú lọ sílé olóògbé, wọ́n á ní ọmọdé náà ló gbójú jù, wọ́n á sì ní kí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ padà sẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ kejì. Agbẹjọ́rò á gba ọ̀gá nímọ̀ràn pé kó má sọ pé òun jẹ̀bi ohunkóhun. Ìmọ̀ràn agbẹjọ́rò nìyẹn, ó sì lè wúlò fún un ní kóòtù. Àmọ́ àwọn tó ṣẹ́kù nídìí ẹ̀rọ ti gbọ́, wọ́n sì ti mọ iye tí ẹ̀mí tiwọn náà tó.

O'Neill kò fi ọ̀rọ̀ mọ sórí ikú. Lọ́dún 1996, arábìnrin ìsìn Kátólíìkì kan dìde níbi ìpàdé àwọn onípìn-ín, ó ní èéfín ń ṣe àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ wọn kan ní Mẹ́síkò léṣe. O'Neill rán àwọn èèyàn lọ wádìí. Wọ́n rí i pé òótọ́ ni, pé àwọn òṣìṣẹ́ ti ṣàìsàn, àti pé ọ̀gá tó ń bójú tó ẹ̀ka náà ti mọ̀ ọ́n, ó ti tún un ṣe, ṣùgbọ́n kò sọ fún ẹnikẹ́ni lókè. Ọ̀gá náà ń pa owó wọlé gan-an. Wọ́n dá a dúró lẹ́nu iṣẹ́. Kì í ṣe nítorí pé èéfín rú o. Nítorí pé ó pa á mọ́ ni.

Nígbà tó fi máa fi ibẹ̀ sílẹ̀ lọ́dún 2000, iye ọjọ́ iṣẹ́ tí ìfarapa ń gbà lọ ti wálẹ̀ láti 1.86 lórí òṣìṣẹ́ ọgọ́rùn-ún kọ̀ọ̀kan sí 0.2. Èrè ọdọọdún ilé iṣẹ́ náà ti di ìlọ́po márùn-ún. Ọjà ìpín gbogbo Amẹ́ríkà ló gòkè láwọn ọdún 1990, nítorí náà n kò ní parọ́ fún yín pé ààbò nìkan ló bí owó yẹn. Èyí tí ẹnikẹ́ni kò lè jà níyàn ni pé ààbò kò ba owó náà jẹ́, bí olùdókòwò tó sáré jáde yẹn ṣe rò.

Àwọn kan á ní ilé iṣẹ́ tàwọn ní ìwé òfin ààbò, ó tiẹ̀ nípọn. Ìwé wà lórí Piper Alpha náà. Ibùdó ìwapo lórí Òkun Àríwá ni, lẹ́bàá ilẹ̀ Scotland. Ní alẹ́ ọjọ́ 6 oṣù Keje ọdún 1988, wọ́n ti tú fáàfù ààbò kan kúrò lára ọ̀kan nínú àwọn pọ́ǹpù, wọ́n sì fi ìdérí irin tí wọn kò dì pinpin bo ojú ihò rẹ̀. Ìwé àṣẹ iṣẹ́ méjì ló wà fún pọ́ǹpù náà: ọ̀kan fún àtúnṣe pọ́ǹpù, ìkejì fún fáàfù. Nígbà tí pọ́ǹpù kejì daṣẹ́ sílẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ alẹ́ rí ìwé àkọ́kọ́, wọ́n rí i pé iṣẹ́ àtúnṣe kò tíì bẹ̀rẹ̀, wọn kò rí ìkejì. Wọ́n tan pọ́ǹpù náà. Gáàsì tú, ó sì gbiná. Àwọn ibùdó méjì mìíràn tó so mọ́ ọn nípasẹ̀ páìpù rí iná náà lókèèrè, síbẹ̀ wọ́n ṣì ń fi epo àti gáàsì ránṣẹ́ fún ìgbà díẹ̀, torí àwọn tó wà níbẹ̀ kò rò pé àwọn ní àṣẹ láti dá iṣẹ́ dúró láìjẹ́ pé àwọn ọ̀gá lórí ilẹ̀ sọ bẹ́ẹ̀. Èèyàn 167 ló kú, 61 péré ló yè é. Ìgbìmọ̀ ìwádìí tí Lord Cullen darí gbé ìmọ̀ràn 106 kalẹ̀ lọ́dún 1990. Nínú gbogbo rẹ̀, ohun tó máa ń dùn mí jù ni ti àwọn tó rí iná tí wọn kò lè ti fáàfù. Wọ́n mọ ohun tó yẹ ní ṣíṣe. Àṣẹ ni wọn kò ní.

Nílẹ̀ Yorùbá, ìbọ̀wọ̀ fún àgbà tún wọ inú ọ̀rọ̀ àṣẹ yìí. Ọmọ iṣẹ́ wẹ́dà ń wo ọ̀gá rẹ̀ tó ń fi awò ojú lásán jó irin lẹ́gbẹ̀ẹ́ kẹ́ẹ̀gì epo bẹntiróòlù. Ó mọ̀ pé kò dára. Báwo ló ṣe fẹ́ sọ fún un? Ẹni tó ń kọ́ni níṣẹ́ ni, ẹni tí yóò fún un ní fúrídọ̀ọ̀mù ni. Bó bá sọ ọ́, wọ́n á ní ó ti ń gbọ́n ju ọ̀gá lọ. Bẹ́ẹ̀ àwọn àgbà wa náà ló sọ pé ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Kò sí ìrírí tó ní kí ọmọdé má rí ohun tí ojú àgbà fò. Ọ̀gá fúnra rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ fún ọmọ iṣẹ́ ní àṣẹ yìí, kó sì sọ ọ́ lójú gbogbo wọn: «Bí ẹ bá rí ewu, kódà bó jẹ́ èmi ni mo ń ṣe é, ẹ ní kí n dúró. N kò ní bínú.» Nígbà tí ọmọ náà bá wá sọ ọ́ lọ́jọ́ kìíní, tí iṣẹ́ sì dúró, tí ó wá hàn pé ewu kankan kò sí níbẹ̀, ọjọ́ náà gan-an la ó mọ̀ bóyá ọ̀gá ń ṣeré ni. Bó bá bínú, ó tán. Àpẹẹrẹ irú àṣẹ bẹ́ẹ̀ wà: fún ọ̀pọ̀ ọdún ní àwọn fákítìrì Toyota ní Japan, wọ́n na okùn kan sókè ibi iṣẹ́, òṣìṣẹ́ èyíkéyìí ló sì lè fà á láti pe àkíyèsí sí ìṣòro. Bí wọn kò bá tètè yanjú rẹ̀, gbogbo ìlà iṣẹ́ á dúró. Òkìkí wọn nínú káràkátà kò sì rẹlẹ̀ nítorí ìyẹn.

Ilẹ̀kùn tí òṣìṣẹ́ lè gbà sá jáde ńkọ́? Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń bí mi nínú jù nìyí. Ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹta ọdún 1911, iná bẹ́ sílẹ̀ ní ilé iṣẹ́ aṣọ Triangle ní New York, ní àjà kẹjọ. Wọ́n fi tẹlifóònù kìlọ̀ fún àjà kẹwàá tí àwọn ọ̀gá wà, wọ́n gba orí òrùlé sá. Ìkìlọ̀ kò dé àjà kẹsàn-án. Ilẹ̀kùn kan níbẹ̀ wà ní títì, nítorí àwọn tó ni ilé iṣẹ́ fẹ́ kí gbogbo òṣìṣẹ́ gba ojú kan jáde kí wọ́n lè tú àpò wọn wò, bóyá wọ́n jí aṣọ. Èèyàn 146 ló kú, ọ̀dọ́bìnrin tó ṣí wá láti òkè òkun ló pọ̀ jù nínú wọn. Kóòtù dá àwọn ọ̀gá náà láre. Lọ́dún 1913, wọ́n tún mú ọ̀kan nínú wọn pé ó ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ mìíràn, wọ́n bu owó ìtanràn 20 dọ́là fún un.

Bí ẹ bá rò pé ọ̀rọ̀ àtijọ́ nìyẹn, ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2002, iná sọ lóru ní ilé iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń ṣe ohun èlò rọ́bà ní Odogunyàn, ní Ìkòròdú. Àwọn òṣìṣẹ́ alẹ́ wà nínú rẹ̀, wọ́n sì ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn. Ọ̀pọ̀ nínú wọn jóná. Òfin Fákítìrì ọdún 1987 ti wà nílẹ̀ nígbà náà, ó sì sọ ọ́ kedere pé níwọ̀n ìgbà tí èèyàn bá wà nínú fákítìrì, a kò gbọ́dọ̀ ti ilẹ̀kùn lọ́nà tí ẹni tó wà nínú kò fi ní lè ṣí i kíákíá. Ẹ̀rù olè ló ń jẹ́ kí ọ̀gá ti ilẹ̀kùn. Ọ̀gá tó bá ti gbà lọ́kàn rẹ̀ pé olè ni gbogbo ẹni tó ń bá òun ṣiṣẹ́ kò lè dáàbò bò wọ́n, kódà kó ra hẹ́límẹ́ẹ̀tì ẹgbẹ̀rún. Bí ẹ bá ní ilé iṣẹ́, ẹ lọ wo ilẹ̀kùn ẹ̀yìn yín lóru, kì í ṣe lọ́sàn-án, kí ẹ sì béèrè ọwọ́ ẹni tí kọ́kọ́rọ́ wà.

Ohun mìíràn tí n kò fẹ́ràn ni pátákó tí wọ́n máa ń gbé kọ́ sẹ́nu géètì, pé ọjọ́ báyìí-báyìí rèé tí jàǹbá kankan kò ṣẹlẹ̀. Bí wọ́n bá ti so ẹ̀bùn mọ́ ọn, ẹni tó gé ìka á fi ọwọ́ sápò títí di ìgbà tí yóò délé, kí gbogbo ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ má baà pàdánù ẹ̀bùn. Ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹrin ọdún 2010, àwọn ọ̀gá láti ilẹ̀ wá sórí ibùdó ìwapo Deepwater Horizon ní Gulf of Mexico, lára ohun tó gbé wọn wá sì ni láti kí àwọn òṣìṣẹ́ kú oríire ọdún méje láìsí jàǹbá tó gba èèyàn kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Alẹ́ ọjọ́ náà ni ibẹ̀ bú gbàmù. Èèyàn 11 ló kú.

Dípò pátákó, ẹ ra ìwé ogójì ojú ewé kan, kí ẹ fi okùn so ó mọ́ ibi tí gbogbo òṣìṣẹ́ ń gbà kọjá. Ohun tí wọn yóò máa kọ síbẹ̀ ni gbogbo ìgbà tí orí bá yọ ẹnìkan: bẹ́líìtì já, àkàbà yẹ̀, wáyà ta èèyàn díẹ̀, jẹnẹrétọ̀ tó wà lẹ́yìn fèrèsé mú kí orí fọ́ àwọn tó wà nínú ṣọ́ọ̀bù. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n kọ, kí ó sọ ọ́ fún ẹni tó mọ̀ ọ́n kọ. Ẹ má béèrè orúkọ. Ní gbogbo òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, kí ọ̀gá fúnra rẹ̀ kà á jáde lójú gbogbo wọn, kó sì sọ ohun tí wọ́n ti ṣe sí ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Ìyá oníbúrẹ́dì tó ní òṣìṣẹ́ mẹ́fà lè ṣe é. Ẹni tó ń lọ ata lè ṣe é, kódà bó jẹ́ òun àti ọmọ iṣẹ́ kan péré, kó sì ti ibi bẹ́líìtì ẹ̀rọ ìlọta rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Aṣọ tàbí gèlè èèyàn mélòó ló ti há síbẹ̀ rí nítorí pé kò ní ìbòrí? Bí ìwé náà bá ṣófo fún oṣù kan gbáko, ẹ má dúpẹ́. Ìbẹ̀rù ló wà níbẹ̀.

Ìjọba kò ṣàì ní ẹ̀bi tirẹ̀. Àwọn ayẹfákítìrìwò kéré gan-an sí iye ilé iṣẹ́ tó wà nílẹ̀, ọ̀pọ̀ ibi iṣẹ́ kò sì rí wọn sójú láti ọjọ́ tí wọ́n ti dá a sílẹ̀. N kò ní fi ìyẹn ṣe àwáwí fún ọ̀gá kankan. Kò sí ayẹfákítìrìwò tó lè wà níbẹ̀ ní aago méjì òru.

Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ náà, ẹ̀tọ́ kan wà tí ọ̀pọ̀ yín kò mọ̀ pé ẹ ní. Lábẹ́ Òfin Àsanpadà fún Òṣìṣẹ́ ọdún 2010, gbogbo agbanisíṣẹ́ ló gbọ́dọ̀ máa san ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù gbogbo òṣìṣẹ́ rẹ̀ sínú àpò tí NSITF, àjọ ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà, ń mójú tó, inú àpò náà sì ni wọ́n ti ń san owó fún ẹni tó bá fara pa lẹ́nu iṣẹ́ tàbí fún ìdílé ẹni tó bá kú. Ọ̀gá yín kò gbọ́dọ̀ yọ ọ́ lára owó oṣù yín. Bí ẹ bá fara pa, ẹ sọ fún un láàárín ọjọ́ 14, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀. Òun náà ní ọjọ́ méje láti fi tó NSITF létí. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi àpò ìrẹsì pa yín lẹ́nu mọ́ títí ọjọ́ náà yóò fi kọjá.